Ìdánwò Tí Lorna Fi Ìwé Àkọ́sórí Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàwé yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá tì í sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé ìwé, àtẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ máa ń buwọ́ lu nǹkan tẹ́ ò yẹ̀ wò.

1.
Lorna Giesbrecht kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Òun ló ń bójú tó ìwé kíkà ní gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè rẹ̀ ní gúúsù Manitoba, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Láti abúlé kan sí èkejì, wíwa ọkọ̀ nínú yìnyín ni, òtútù ni, kọfí tó ti di omi tútù ni.

Òun náà ló lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà ní Winnipeg tó rí ètò tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Kàwé Kíá. Orin ìró lẹ́tà wà níbẹ̀, káàdì aláwọ̀ mèremère wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè kà. Lorna yìn ín títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk, wá ní kí wọ́n fi kíláàsì kan dán an wò kí wọ́n tó kó o dé ibi gbogbo, ta ni wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò? Lorna kan náà ni. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó se ọbẹ̀ ni wọ́n ní kó wá sọ bóyá iyọ̀ tó!

2.
Kíláàsì ọ̀rẹ́ rẹ̀, Hilda Dueck, ni wọ́n lò. Hilda ti pẹ́ nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Bí ọdún ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ sópin, ó bi Lorna léèrè.

"Lorna, ìwé wo lo fẹ́ fi dán wọn wò?"

"Ìwé Kàwé Kíá náà ni. Ó kúkú wà nílẹ̀."

"Há! Èyí tí mò ń kà sí wọn létí lójoojúmọ́? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lórí bí orin! Ọ̀rọ̀ tí wọn ò rí rí ni kó o fún wọn. Kódà, kó má nítumọ̀ rárá, kí wọ́n ṣáà so ìró rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ la ti máa mọ ẹni tó ń kàwé."

"Mo máa wá lọ tún ìdánwò mìíràn kọ báyìí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ fẹ́ jókòó lórí ẹ̀. Hilda, jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Mo kàn ní kó o má tan ara ẹ ni."

Lorna bá fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Sọ òótọ́, o ò kàn fẹ́ fi ọ̀nà àtijọ́ ẹ sílẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Hilda wọnú.

3.
Tilly, ọmọ àbúrò Lorna, wà nínú kíláàsì náà. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tó kàn án láti kàwé fún Lorna, ó gbé ìwé náà dání, ó ń kà á geere. Ó ṣí ojú ìwé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ló wà lójú ìwé tó ṣí, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Tilly ní, "Ẹṣin wà nínú abà."

Ó kà á jáde láìkọsẹ̀, bó ṣe wà lójú ìwé tó fò.

Lorna ń wo ojú ìwé náà. Ó rí i! Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò rí i. Ó yẹ kó dá ìdánwò náà dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn ọmọ tó kù, ó ronú kan ọ̀nà jíjìn tó máa wa ọkọ̀ gbà relé, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀rù ló ń bà á." Ló bá fún un ní máàkì, ó pe ẹni tó kàn.

4.
Nígbà tí Lorna jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ pé àwọn ọmọ ti mọ̀wé kà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Lorna, o káre. Ọkàn wa balẹ̀ wàyí." Wọ́n kó Kàwé Kíá dé gbogbo ilé ìwé. Wọ́n yọ àkókò tí Hilda fi máa ń kọ́ àwọn ọmọ láti so ìró pọ̀ láràárọ̀ kúrò. Hilda fẹ̀yìn tì, kò bínú, kò yọ̀.

5.
Ẹ jẹ́ ká fo ọdún méjì. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni, Lorna wà nílé Verna àbúrò rẹ̀. Búrẹ́dì, wàràkàṣì àti jáàmù wà lórí tábìlì. Tilly ti dé kíláàsì kejì. Lorna ra ìwé tuntun kan fún un nípa ẹṣin, torí ọmọ náà fẹ́ràn ẹṣin.

"Ó yá, kà á fún wa."

Tilly rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi ná, màá wá kà á."

"Rárá o, ìwọ ni kó o kà á."

Ọmọ wo ìwé, ó tún wo ẹnu àǹtí rẹ̀. Ó pe ìró lẹ́tà àkọ́kọ́, ó méfò èyí tó kù. Ó tún méfò. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé olódo ni mí? Wọ́n ní olódo ni mí ní kíláàsì."

Lorna fà á mọ́ra. Verna ló sọ̀rọ̀. "Tíṣà ẹ̀ pè mí lọ́dún tó kọjá, ó ní kò mọ̀wé kà. Mo bá a jà! Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló dán an wò, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò lè purọ́."

6.
Lorna lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ìdánwò yẹn ò dáa, mo sì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. "Lorna, a ti rà á, a ti kọ́ gbogbo tíṣà. Ìwọ lo ní ó dáa. Ojú wo la fẹ́ fi wo àwọn òbí?"

Lorna fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó ti Tilly, wọ́n ń so ìró pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ti ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí Lorna bá pàdé àwọn ẹgbẹ́ Tilly ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń kí i tayọ̀tayọ̀, ńṣe ló ń fojú sá. Àwọn yẹn ò ní àǹtí tó máa jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ohun tọ́mọ ti kọ́ sórí dán an wò, kẹ́ ẹ wá ní ó mọ̀wé. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Bójú yín bá rí òtítọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, torí ọmọ ọlọ́mọ ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà tẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tó bá tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn.