Ìka Tó Wọ́ Nínú Àwòrán

Ta ni nínú yín tó mọ ọwọ́ tó ń ba nǹkan jẹ́ ju ọwọ́ olè lọ? Ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Ọwọ́ tó ń tún ohun olóhun ṣe láìtọrọ àṣẹ ni. Bí olè bá gbé tìrẹ, o mọ̀ pé ó ti lọ. Eléyìí á fi tìrẹ sílẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ tìrẹ mọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ àwòrán ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ya imú tó dà bí ìkòkò, á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ọ̀dà kàn án níhìn-ín, á fi kàn án lọ́hùn-ún, imú á di imú. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Ọwọ́-ò-sinmi ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i.

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìdúró àárọ̀ dalẹ́ ti sú u. Ló bá gba iṣẹ́ ọ̀gá ní ilé ìpàtẹ àwòrán. Àga tó ń yí, fèrèsé ńlá, fóònù lórí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yan àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́, kó kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, kó gba àlejò, kó sì bu ọwọ́ lu ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dà nínú gbogbo rẹ̀. Bó bá délé, á máa fi ìka ya nǹkan sórí tábìlì ìjẹun.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé iṣẹ́ tuntun yẹn dára?"

"Ó dára, Màámi. Ọwọ́ mi nìkan ni kò tíì gbọ́ pé a ti kó kúrò."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ rí, obìnrin tó ti di ayàwòrán gidi, wá gbé àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti kú wá fún ìpàtẹ. Ìyá náà jókòó, ó gbọ́wọ́ lé itan. Ojú dára, aṣọ dára. Ìka kan ṣoṣo ló wọ́, ó yà síta bí ẹ̀ka igi. Ọ̀gá wò ó láàárọ̀, ó tún wò ó lọ́sàn-án. Ara rẹ̀ ò gbà á.

"Ọmọ yìí! Gbogbo ìka tí mo kọ́ ọ yà!"

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun, ó mú ọ̀dà jáde, ó sì mú ìka náà tọ́. Ó súfèé padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí ìpàtẹ. Obìnrin náà kó àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Wọ́n dúró níwájú àwòrán.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbíkẹ́yìn wọn wí, "ta nìyí?"

"Màámi ni. Àbí o ò mọ̀ wọ́n mọ́?"

"Ìka wọn wá dà?"

Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ṣẹ́ ìka ìyá yẹn tó fi wọ́, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti fi tọ́ wọn. Ìka náà ni wọ́n máa ń dì mú bí wọ́n bá ń sọdá títì. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló fọwọ́ kan ìyá mi?"

Gbogbo ojú yí sí ọkùnrin tó ń gbé àwòrán kọ́ sára ògiri. Ta ló tún ń fọwọ́ kan àwòrán níbẹ̀? Ó búra títí. Ọ̀gá dúró, ẹnu rẹ̀ wúwo, kò wí nǹkan kan. Bí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìpàtẹ ṣe lé baba ọlọ́mọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá jókòó sídìí oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí ni ọ̀dà ń ṣe lábẹ́ èékánná ọ̀gá ọ́fíìsì?"

Ó rò ó fún un, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Màámi, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni."

"Mo gbọ́. Ta ló bẹ̀ ọ́? Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka ta ni wọ́n gé lónìí?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ káwọ́ pọ̀nyìn níwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun ni. Wọ́n pe ẹni tí wọ́n lé padà, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó sáré padà sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ó lọ bẹ obìnrin náà, ó ní òun á tún ìka náà ṣe.

"Ẹ tún fẹ́ tún un ṣe, Tíṣà?"

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti dá a padà. Kò jọ ọ́ mọ́. Ó dárí ji olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé àwòrán fún un wò mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ohun tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ níbi iṣẹ́ àná lè di ìkà níbi iṣẹ́ òní. Bí o bá pààrọ̀ iṣẹ́, pààrọ̀ ọwọ́. Ohun tó wọ́ lójú tìrẹ lè jẹ́ ibi tí ẹlòmíràn ń dì mú, nítorí náà béèrè kí o tó tún un ṣe. Bí o bá sì ti ṣe é, má jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni jìyà rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí ẹnì kan nínú ilé yìí máa ń káwọ́ sẹ́yìn bó bá ń wo àwòrán yín, kódà bí imú tí ẹ yà bá dà bí ìkòkò. Òun ni Ọwọ́-ò-sinmi. Ọmọ tí mo bí ni, bàbá yín.