Ta Ló Pe Àwọn Ará Ibùdó?

Wọ́n gbé Farrokh, ọkọ Golnesa, lọ láàárọ̀ kùtù, wọn ò jẹ́ kó mu tíì. Àwọn ọkùnrin láti ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí taryak, oògùn olóró tí wọ́n ń fà bíi sìgá, ti di bárakú fún ni wọ́n gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n di Farrokh lápá mú, ó di inú ọkọ̀.

Bibi Sedigheh, ìyá Farrokh tó ni ilé, jókòó sórí ẹní, ó ń lu àyà.

"Wọn kì í dédé wá," ló wí. "Ẹnìkan ló pè wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ já ilẹ̀kùn. Bí mo bá mọ ẹni náà, ì báà jẹ́ ọmọ inú mi, ẹrù ẹ̀ á sùn síta lónìí."

Golnesa ní kí ìyá jẹ́ kí òun lọ wádìí. Ó wé ìborùn, ó jáde.

Kò lè jókòó. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, òun ló ń fẹ́ ẹ̀yín iná tí Farrokh fi ń fa èéfín dúdú yẹn, nítorí ó sàn kó fà á lójú òun ju kó lọ kú sí kòtò. Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò rí iṣẹ́ ṣe. Ó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Mashdi Rahman oníbúrẹ́dì, ó bi í léèrè ẹni tó pè wọ́n. Kí baba náà tó lanu, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà kejì, ó ń bú atúnbàtàṣe. Búrẹ́dì tó rà, ó jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti jẹun tán kẹ́yìn.

Ilé Eshrat ló kàn, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ náà ń fà á, tó máa ń kó àwọn ìyá àti ìyàwó irú wọn jọ ní Ọjọ́bọ̀. Golnesa dúró níta, ó ń bèèrè bóyá Eshrat ni ọ̀dàlẹ̀ náà.

"Túbọ̀ pariwo, ìyàwó Farrokh," ni Eshrat wí. "Àwọn tó wà ní itẹ́ òkú ò tíì gbọ́."

Ó fà á wọlé, ó bu tíì fún un.

"Ṣé o sùn lánàá?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Wàá sùn lónìí."

Nígbà tó padà délé, Bibi ò bèèrè ẹnì kankan mọ́. Ó ní kó lọ mú ọmọ òun wá. Ìyàwó ni, bó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Golnesa wọ takisí lọ sẹ́yìn ìlú. Kó tó kan géètì ló ti ń gbọ́ ohùn Farrokh láti inú lọ́hùn-ún, ó ń ké pe orúkọ rẹ̀, pé òun ń kú lọ, kó wá mú òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn. Alábòójútó ibùdó jáde sí i.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ, arábìnrin? Kí lẹ wí?"

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo pè yín lánàá ni mò ń bi yín," ni Golnesa wí, "bí mo bá padà wá lọ́la, tí mo kúnlẹ̀, tí mo ń sunkún pé kí ẹ dá a padà fún mi, ṣé ẹ ó lé mi lọ, àbí ẹ ò ní lé mi? Ẹ dá mi lóhùn."