Orí Sílíńdà Tó Le

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí aránṣọ máa pe ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ jórinjórin. Kò gbé e.

Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó gbọ́ lórí rédíò fóònù rẹ̀ ṣì ń dún létí rẹ̀: "Ẹ̀yin ìyàwó jórinjórin, òróró ò gbọdọ̀ kan orí sílíńdà ọ́síjìn o! Tí wọ́n bá ṣí i, á gbiná, á bú mọ́ ẹni tó ṣí i lójú."

Ó tún pè. Ọkọ gbé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ń han lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, kí ló tún dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí sílíńdà yẹn. Òróró..."

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tí ò ń sá fún aláǹgbá! Ogún ọdún tí mo ti ń jó irin, mi ò jẹ́ kí òróró kàn án rí."

"Ẹ... ẹ ṣáà dúró."

"Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀. Àbí o ò rí nǹkan? Lánàá ó le débi tó fi bó mi lọ́wọ́. Òní, ó ti fẹ́ máa yí wẹ́rẹ́."

Obìnrin náà wo agolo òróró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Òróró yìí ló máa ń kán sí ẹ̀rọ náà tó bá le.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tó gbé tíì lọ fún ọkọ rẹ̀, ó kán an sórí sílíńdà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà bó mọ́.

"Bàbá Ìbejì, èmi ni mo fi òróró sí i!"

"Kí lo wí? Ariwo yìí pọ̀. Dúró ná, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí i."