Ọkọ̀ Ń Sọ Òótọ́, Má-Tàn-Mí Ní Irọ́ Ni

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀yin tẹ́ ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni láyé yìí, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Má-Tàn-Mí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sóhun téèyàn lè sọ fún un tí kò ní fi "Má tàn mí" dáhùn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Oúnjẹ ilé àti owó iléèwé ọmọ mẹ́ta, inú ọkọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Lọ́jọ́ kan, iná kékeré kan tó rí bí ẹ́ńjìnnì tàn níwájú sítíárìn. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀, tó tún jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárìn, ó ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ. Ó ní púlọ́ọ̀gì kan ò taná dáadáa mọ́, epo tí kò jóná wá ń lọ sínú àgò tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tó bá pẹ́, àgò yẹn máa gbóná kọjá ààlà.

"Ẹ̀gbọ́n, kékeré ṣì ni. Ẹ jẹ́ n ṣe é lónìí."

Má-Tàn-Mí wò ó látòkè délẹ̀. Kí ló ń lé e? Àbí kì í ṣe pé ọmọkùnrin yìí ń kọ́lé lọ́wọ́ ni? Ó ní òun ń bọ̀, ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ.

2.
Ó lọ ra irú ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ́, iná kú. Ó pe ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, pé kó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀ kó wá wòran.

"Wo ohun tí àbúrò rẹ fẹ́ fi jẹ mí. Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé nǹkan tó bàjẹ́ lẹ tún ṣe, àbí iná lẹ pa?"

Ó ní kó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí o. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í yẹ gbogbo ara ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kó tutù, kó tún gbóná, kí ọkọ̀ sì sáré geere fúngbà díẹ̀, kó tó lè dán àgò èéfín yẹn wò, pẹ̀lú àwọn nǹkan tó ń gbóòórùn èéfín níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ó di dandan kó tún gbogbo àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Torí náà, pé iná ò tàn ò sọ pé ara ọkọ̀ yá. Ó lè má tíì yẹ ara rẹ̀ wò tán ni.

Lọ́jọ́ kẹta, iná tún tàn. Má-Tàn-Mí rántí pé àna òun wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó sì fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kí nìyẹn? Ó mú òwú ìyàwó rẹ̀, ó fi so ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Òwú ò já, iná ṣì ń tàn. Ó ní ẹni tó ń ṣí i ti mọ bó ṣe ń so ó padà. Ló bá ní kí àna òun má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́. Láràárọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó dé, á ti pa iná rẹ́.

3.
Àyẹ̀wò ọdọọdún dé, èyí tí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó lè ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò ki ẹ̀rọ tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú Má-Tàn-Mí.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ẹ ti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ láìpẹ́ yìí."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun náà ni."

Ó ní kó lọ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan láìpa nǹkan kan rẹ́, kó wá padà wá. Má-Tàn-Mí bi í bóyá ó mọ mẹkáníìkì kan báyìí báyìí. Obìnrin ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Bó ṣe yára sẹ́ yẹn ló jẹ́ kó dá a lójú pé wọ́n jọ ń ṣe é ni.

4.
Lóòótọ́, kò pa á rẹ́ mọ́. Nígbà tí iná tàn lọ́jọ́ kejì, téèpù dúdú ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

"Tíṣà, nǹkan kan ń ṣẹ́jú lábẹ́ téèpù yìí."

"Ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ wò, Màmá. Ẹ má tàn mí."

Iná yẹn tó bá ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ ni. Wọ́n ṣì rìn jìnnà. Ìgbà tí òórùn ìjóná kún inú ọkọ̀ ló tó ní kí Màmá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, sórí koríko gbígbẹ. Àgò ìsàlẹ̀ ti pọ́n bí ẹyín iná. Koríko gbiná, Màmá bọ́ sílẹ̀. Má-Tàn-Mí ti tẹrí bọ abẹ́ sítíárìn, ẹ̀rọ rẹ̀ ló fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Ìyá arúgbó ló sáré yíká, tó ṣílẹ̀kùn, tó fi kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ wọ́ ọ jáde.

Ojú wọn ló ṣe tí ọkọ̀ jó dé rímù. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá ti bó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Má-Tàn-Mí wò ó títí, ó wá rọra bi í pé:

"Màmá, ta ló rán yín sí mi?"

Ìyá náà ń wá ẹni tó máa bu omi sí òun lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ò sí mọ́, iṣẹ́ ò sí mọ́. Máṣíìnì ìyàwó ló ń bọ́ ilé báyìí, òun sì wà nídìí wíńdò, ó ń yọjú wo ẹni tó ń kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń kìlọ̀ fún yín o. Iná tó bá tàn nínú ọkọ̀ yín, ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ má lẹ nǹkan mọ́ ọn lójú. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró, kì í sì í ṣe lórí koríko. Tẹ́ ẹ bá fura sí mẹkáníìkì kan, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Àmọ́ tí ẹni mẹ́ta tí ò mọra wọn bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún yín, tí ọkọ̀ alára tún ṣe ìkẹrin wọn, ara yín ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí.