Bààlúù Kékeré Ojú Máàpù

Mẹkáníìkì ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí Abẹ́rẹ́ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù páànù náà wọlé. Kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó fi ife tíì gbé e ró. Máàpù ló wà lójú ẹ̀rọ náà, bààlúù búlúù kékeré kan sì ń rọra kọjá odò lórí rẹ̀. Mẹkáníìkì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Abẹ́rẹ́ kò ga, kò sanra, àmọ́ ibi tó bá gbà kọjá, ẹ̀jẹ̀ ní í máa kán lẹ́yìn ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló yìnbọn pa wọ́dà méjì tó ń mú un lọ sí kóòtù. Àwọn ọlọ́pàá ń lépa rẹ̀. Bó bá ti lè dé òdìkejì odò ńlá, ó bọ́ nìyẹn: ìjọba míì ló wà lọ́hùn-ún, àbúrò rẹ̀ sì ń dúró dè é nínú ilé páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bààlúù. Bí kò bá dé ibẹ̀, okùn ló kù.

"Ta ló ń wa bààlúù tó wà níta yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ń da epo sí i lọ́wọ́," mẹkáníìkì ní. "Ẹ jókòó, bọ̀dá."

Abẹ́rẹ́ fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú kan fò yọ, ó há sínú búrẹ́dì.

"Mi ò bá ìjókòó wá. Nǹkan tí ò ń wò yìí, ṣé ó mọ̀nà?"

"Kò sọ́nà tí kò mọ̀."

"Kọ pápá òdìkejì odò sí i. Kọ ibòmíì kó o rí i. Mo mọ máàpù kà ju bàbá ẹ lọ."

Mẹkáníìkì tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ìlà pupa kan yọ láti ibi tí wọ́n wà, ó ré odò kọjá, ó dúró gẹ́lẹ́ níbi tí Abẹ́rẹ́ fẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kò rí àléébù kankan. Ló bá fa ọwọ́ tó tẹ ẹ̀rọ náà sétí tábìlì, ó fi ìdí ìbọn fọ́ ìka mẹ́ta níbẹ̀.

"Ká wá wo ìka tó o máa fi tẹ fóònù."

Ó tún gbá a lórí. Mẹkáníìkì ṣubú sábẹ́ tábìlì.

Awakọ̀ wọlé, ewú ti gba orí rẹ̀, epo sì ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ìbọn. Ó rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ àbúrò mi lẹ gbé lọ́wọ́ yẹn?"

"Òun ni. Òun sì ni màá máa wò, bàbá. Ibi tí ìlà yìí bá yà sí ni kẹ́ ẹ yà sí. Tí bààlúù kékeré yìí bá fi kúrò lórí ìlà, orúnkún kan lọ. Tó bá tún kúrò, ìkejì lọ."

Awakọ̀ wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ojú kan là níbẹ̀, ó tún padé.

"Ó dáa," ó ní. "Tá a bá ti gbéra nílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé yẹn. Ó máa bẹ̀rẹ̀."

Taya kúrò nílẹ̀, Abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì, bààlúù kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìlà lọ. Kò pẹ́ tí ìkùukùu fi bo ilẹ̀ lábẹ́ wọn, funfun láú. Atẹ́gùn ń jù wọ́n sókè, ó ń jù wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti ojú máàpù kò mì rárá. Oòrùn ń jó Abẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Nígbà tó ṣe, ọ̀tún ló ń jó o.

"Kí ló dé tá a fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó báyìí?" Ó fi ìbọn gbá awakọ̀ létí, ẹ̀jẹ̀ ta sára gíláàsì iwájú.

"Ẹ wo máàpù yín."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Bààlúù kékeré wà lórí ìlà gbọnrangandan, ó ti fẹ́ẹ̀ kọjá odò tán.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀ ń ṣe dáadáa."

Ogójì ìṣẹ́jú ni. Nígbà tí bààlúù kékeré dé òpin ìlà, awakọ̀ da imú ọkọ̀ kọ ilẹ̀. Wọ́n la ìkùukùu já, wọ́n bọ́ sínú òjò. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ló kún gíláàsì. Taya kanlẹ̀, ọkọ̀ sáré, ó dúró. Ẹ̀yìnkùlé ilé páànù kan wà níwájú wọn.

"A ti dé," awakọ̀ ní.

"Ẹ ṣé gan-an." Ọta kan ṣoṣo ló kù nínú ìbọn. Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ ẹni tó máa padà lọ júwe ilé, ó yìn ín sí i níkùn.

Awakọ̀ dojú bolẹ̀ sórí ọwọ́ ìwakọ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn láti gbọ́ bóyá ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Orí yín ti dàrú, bàbá." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọrin: "Abẹ́rẹ́ ti lọ, ọ̀nà okùn ti dí."

Ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, bí òun àti àbúrò rẹ̀ ṣe jọ ṣàdéhùn.

"Èmi ni o."

"Wọlé." Ohùn náà ki, bíi ti ẹni tí ẹnu rẹ̀ wú.

Tábìlì ló kọ́kọ́ rí, ife tíì àti búrẹ́dì tí eyín kan há sí wà lórí rẹ̀, ọlọ́pàá mẹ́fà fẹ̀yìn ti ògiri, mẹkáníìkì sì gbé sípánà ńlá dání lọ́wọ́ tí ìka rẹ̀ kò fọ́, ó ní, "Ẹ jókòó, bọ̀dá, ìdánrawò ni mo fi ẹ̀rọ yẹn sí, orí tábìlì yìí náà ló ti ń fò kọjá odò kẹ́ ẹ tó wọlé láàárọ̀."