Òróró Kọ́ Ló Ń Wo Ihò Imú

Ọmọbìnrin akọrin ìjọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ pílásítà mọ́ imú tó lọ lu lọ́jà Boundary tán nígbà tí ìyá rẹ̀, díákónẹ́ẹ̀sì tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, gbé òróró àdúrà wọlé.

“Mọ́mì, eéwo lásán ni.”

“Òróró á pa á.”

“Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní omi oníyọ̀ nìkan ni kí n máa fi fọ ihò náà.”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá já pílásítà, ó rí òrùka nínú imú tó wú, ó sì rọra dé ìgò òróró rẹ̀.

“Omi oníyọ̀ náà ni. Òróró ló jẹ́ kí tèmi kẹ̀.”

Ọmọ wo imú ìyá rẹ̀ títí. “Mi ò rí ihò kankan níbẹ̀, mà.”

Ìyá tún ìró rẹ̀ so le. “Ta ló sọ fún ẹ pé imú ni?”