Ìgò Ẹsáǹsì Kan

Láti ìgbà tí Souradjou ti ti ilẹ̀ Faransé dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà, kò sí ẹni tó rí i kí ó jókòó jẹun tán, àfi nílé àna rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Tchaourou ló ti ń to mọ́tò kan jọ, láti ara egungun ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́. Ẹsáǹsì, epo tí mọ́tò ń mu, ṣọ̀wọ́n ní àwọn ọdún Ìyípadà tí ìjọba ológun kéde yẹn. Ó tún kábúrétọ̀ ṣe, ó gé irin tó wúwo kúrò, ó sì ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé ìgò kan ṣoṣo ni mọ́tò òun yóò máa mu lọ, mu bọ̀.

Ọ̀nà Sanson ló kọ́kọ́ gbà. Mọ́tò náà kú kí ó tó débẹ̀. Ó ní eruku ló fà á. Lẹ́yìn náà ló yà sí ọ̀nà Kika, lápá ààlà Nàìjíríà, níbi tí ohun tó wọ́n ní Tchaourou kì í ti í wọ́n. Ibẹ̀ ni Bàbá Imorou, bàbá ìyàwó rẹ̀, ti ń dáko. Ọ̀nà yẹn burú ju ti Sanson lọ, síbẹ̀ mọ́tò náà lọ, ó sì bọ̀. Ó tún lọ. Ó tún bọ̀. Ní Kika, kò jẹ́ dìde nídìí oúnjẹ àna. Inú yàrá ni wọ́n ń mú un jókòó sí títí yóò fi jẹ iyán rẹ̀ tán, nígbà tí àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń bá a nu mọ́tò lóde. Bí ó bá délé, yóò wọn èyí tó kù nínú táǹkì. Ó máa ń ju ohun tí ìṣirò rẹ̀ sọ lọ. Ó yẹ ìṣirò náà wò, ó sì gbà pé òun ti fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Rafiatou, ìyàwó rẹ̀, ìyá Ganiou ọmọ wọn, ní kí ó tún gba ọ̀nà Sanson wò.

"Bàbá Ganiou, ṣé mọ́tò yìí ò mọ ọ̀nà mìíràn ju ti ilé bàbá mi lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò lọ. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó ti tọ Kassimou lọ, olórí ìgbìmọ̀ Ìyípadà ní ìlú, ó ní òun yóò dé Parakou, òun yóò sì padà, lórí ìgò kan.

"Kamaradi," ni Kassimou wí, "bí o bá ṣe é, ìwọ àti mọ́tò rẹ ń lọ sí Cotonou nìyẹn, kí ìjọba lè rí i. Bí mọ́tò náà bá dúró lọ́nà, a ó mọ̀ pé Ìyípadà lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Parakou kò sì jìnnà sí títì."

Souradjou ní kò burú. Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì ló ń tún un dì.

Nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò Parakou pé, Kassimou fúnra rẹ̀ da ìgò ẹsáǹsì kan sínú táǹkì tó ti gbẹ. Ó fi wáyà di ẹnu rẹ̀ pa, ó sì tẹ èdìdì lé e. Ó ní ọkọ̀ ìgbìmọ̀ yóò máa tẹ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ yà síbì kankan. Souradjou ṣáná sí mọ́tò. Èrò pàtẹ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Imorou, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kika dé, tẹ orí wọ ojú fèrèsé, tí wọ́n sì rọra sọ sí i létí pé: "Àna mi, má bínú, wọ́n ti di ẹnu táǹkì kí n tó dé, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọ tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí o jẹun nílé mi tí mo jẹ́ kí o padà lọ́wọ́ òfo, inú táǹkì yìí ni mo máa ń da ẹsáǹsì tèmi sí."